Àyè Tí Tíṣà Fi Sílẹ̀ Láàárín Ọ̀rọ̀ Méjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Kọ ọ́ pé òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Kọ ọ́ pé mo gbé àpótí kásẹ́ẹ̀tì Tíṣà sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà lónìí, ó sì ti lé ní ọdún kan tí a sin ín. Má kọ ọ́ pé mo sunkún, nítorí n kò sunkún.

Èmi ni mò ń sọ ọ́, ọmọ mi obìnrin ló ń kọ ọ́. N kò wọ ẹnu ọ̀nà iléèwé rí. Ọwọ́ mi mọ rẹ́díò tú, kò mọ lẹ́tà kọ. Ọmọ yìí ní kí n máa sọ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Mo ní ọkàn mi kò wúwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà máa sọ ọ́." Ó dáa. Mò ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ọ̀gá iléèwé àwọn ọmọ tí kò ríran wá bá mi lánàá. Ibẹ̀ ni Tíṣà ìyàwó mi ti kọ́ni ní Òyìnbó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò ríran, abẹ́ ọwọ́ Tíṣà ló ti kàwé. Ó ní àwọn kan ti fi ẹ̀rọ tuntun ta iléèwé lọ́rẹ, ẹ̀rọ náà sì ní ohùn tirẹ̀ tó fi ń kọ́ ọmọ. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì Tíṣà tó wà lọ́wọ́ wọn ti gbó, wọ́n ti já, wọ́n fẹ́ kó wọn dà nù. Àmọ́ bí mo bá lè gba ohùn rẹ̀ jáde nínú èyí tó wà nílé kí wọ́n tó wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ohùn Tíṣà ni wọn yóò fi sínú ẹ̀rọ náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn irin ni.

Mo ní, "Irin kò ní jókòó sórí àga ìyàwó mi níṣojú mi."

Ó ní, "Bàbá, ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Èéhù funfun ti bo àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà bí ìyẹ̀fun. Mo tú ìṣó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi òwú àti sípíríìtì nù wọ́n, mo kó téèpù inú wọn sínú ike tuntun. Bélíìtì rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, tí a ń rà bí ẹni ń ra iyọ̀ tẹ́lẹ̀, ti di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tó ń tà á ní, "Bàbá, ta ló ṣì ń lo irú ẹ̀rọ yìí láyé?" Mo ní òkú ló ń lò ó. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn.

Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó méjìméjì ni Tíṣà fi sínú gbogbo wọn, àwọn tó jọ ara wọn lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ó máa ń sọ pé aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Tòní ni "borrow" àti "lend". Ó ní, "Àwa, yá ni ẹni tó nawọ́ gbà á ń ṣe, yá náà ni ẹni tó fi lé e lọ́wọ́ ń ṣe. Àwọn pín in. Ẹni tó nawọ́, 'borrow'. Ẹni tó fi lé e lọ́wọ́, 'lend'. Ó yá, mo fẹ́ lo àbẹ́rẹ́ rẹ. Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

Ohùn rẹ̀ kún yàrá. Ọmọ mi tó ń fi kọ̀ǹpútà gbà á sílẹ̀ gbé ọwọ́ lé ẹnu. Èmi ń wo bélíìtì bóyá ó ń yọ̀.

Nígbà tó parí, mo wo orí ẹ̀rọ, irin kékeré tó ń ka téèpù. Ìyẹ̀fun pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ohùn náà ló ń ré kúrò lára téèpù yẹn. Mo tún un fi sí i, ó ti di ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbora. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yóò sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Mo sọ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Oòrùn yọ díẹ̀, a ṣí fèrèsé. Tíṣà ń sọ̀rọ̀ lọ lórí "say" àti "tell" nígbà tí ìyá alágbàfọ̀ kọjá lójúde pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Ó ké láti ìta, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Mo dá a lóhùn. Mo ní, "Ó ń gbọ́ ọ."

Lẹ́yìn náà ni ó rántí. Mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe dúró. Nígbà tó ń padà ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Kò sí iná.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Nínú kásẹ́ẹ̀tì tòní, ẹnìkan ń húkọ́ lẹ́yìn Tíṣà. Ọmọ béèrè pé ta ni. Èmi ni. Ìdí iṣẹ́ mi ni mo wà nígbà náà, nínú yàrá kan náà, mò ń fi òjé jó wáyà rẹ́díò pọ̀. Bí Tíṣà bá fẹ́ gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀, á ní kí n wá jókòó níwájú òun, á bi mí ní ìbéèrè, á sì dúró kí n dáhùn sábẹ́ ètè mi, kí ẹ̀rọ má baà gbọ́. Ó ní, "Bí ó bá yé yín, yóò yé ẹnikẹ́ni." Mo ní, "Ṣé òmùgọ̀ lo ń pè mí?" Ó ní, "Rárá o, òṣùwọ̀n ni mo ń pè yín." Bí mo ṣe mọ gbogbo wọn nìyẹn, èmi tí n kò lè ka orúkọ ara mi. Ọkùnrin tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn kò mọ ohun tó ń bọ̀. Ikọ́ rẹ̀ le.

Ní ọ̀sán, nígbà tí a ti pa ẹ̀rọ, mo gbọ́ ohùn Tíṣà nínú yàrá ìdáná. Ó ní, "Ẹ tún un sọ." Mo dìde lọ wò. Omi ló ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ omi sínú abọ́.

Ọmọ ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan ni?"

Mo ní, "Mo gbọ́. N kò fetí sí i." Ẹ̀kọ́ tàná ni, "hear" àti "listen". Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò fi ṣe àwàdà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó parí. Gbogbo téèpù tó wà nínú àpótí ti sọ̀rọ̀ tán. Èyí tó kẹ́yìn já lójú wa bó ṣe parí gbólóhùn rẹ̀, bí okùn tó ti gbó. Mo kó wọn padà sínú àpótí. Wọ́n fúyẹ́. Ojú mi ló ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ohùn kì í ní ìwọ̀n.

Ọmọ ní ẹ̀kọ́ náà gùn jù fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, àlàfo pọ̀ nínú rẹ̀, ìyá òun á béèrè ọ̀rọ̀, á sì dákẹ́ lọ bí ẹni tó gbàgbé. Ó ní kọ̀ǹpútà lè gé gbogbo àlàfo náà kúrò fúnra rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wá tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ó bi mí. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní kó ṣe é, ta ló ń jẹ àlàfo?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má yọ ọ̀kan kúrò.

A gbé iṣẹ́ lọ sí iléèwé ní àárọ̀. Ọ̀gá ní kí a jókòó, ó na etí. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ dé. Ètè rẹ̀ mì, ó fẹ́ dáhùn. Kó tó la ẹnu, Tíṣà ti sọ ìdáhùn, ó ti bọ́ sórí òmíràn. Ó tún gbìyànjú. Tíṣà tún já a lẹ́nu. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó nawọ́, ó wá bọ́tìnnì rí, ó pa á.

Ó ní, "Bàbá, kí ló ń lé Tíṣà?"

Mo wo ọmọ mi.

Ọ̀gá ní, "Kò dúró dè wá. Mo jẹ́ ọmọ tó ń kólòlò nígbà tí wọ́n mú mi wá síbí. Gbogbo ènìyàn ló máa ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ mi tán. Tíṣà nìkan ni kì í bá mi sọ ọ́. Yálà lójúkojú tàbí nínú kásẹ́ẹ̀tì, á dúró. Ohun tó wà níbí yìí, ohùn rẹ̀ ni, òun kọ́. Tó bá jẹ́ báyìí ni, ohùn irin náà ń ṣe é."

Ọmọ ní òun yóò dá àlàfo náà padà. Ojú ọ̀nà ni ó ti wá sọ fún mi pé kò sí mọ́. Kọ̀ǹpútà kún, ó ti pa èyí tó pé rẹ́ kó lè rí ibi fi èyí tó gé sí.

Kọ ọ́ pé mo bi í pé kí ni ìwé tó kà ṣe fún un. Kọ ọ́ pé mo ní ìyá rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan, ó tún wá pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé o ti kọ ọ́? Kí ló dé tí o fi ń gbé bírò sílẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń kọ. Ọmọ ti lọ sí ilé rẹ̀. Bí ó bá padà wá, kó kọ eléyìí. Bí kò bá wá, kó máa wà nínú téèpù.

Mo tún gbé àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sí ẹ̀rọ láti àárọ̀. Mo nu orí ẹ̀rọ títí òwú fi tán. Ìró bí afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde. Ìgbà mìíràn ohùn kan á la afẹ́fẹ́ náà kọjá, bí ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ kànga, kò ní sọ gbólóhùn tán kó tó rì. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Mo pa á.

Ilé yìí dákẹ́ jù. Ṣùgbọ́n kò ṣófo, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ohun kan wà tó ń retí nǹkan lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí àpótí yẹn ti sọ̀kalẹ̀. Mo bá jókòó síbí, á wà lẹ́yìn mi. Mo bá yí padà, àga ni, aṣọ ni, ògiri ni.

Ọmọ mi, mo sọ pé ta ló ń jẹ àlàfo. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Máa bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ó wá. Ó gbọ́ téèpù náà lórí ìdúró, ó kọ ọ́. Ó kàn bi mí bóyá mo ti jẹun. N kò tíì jẹun.

Ó ti ronú. Ó gbìyànjú láti fi àlàfo òfìfo sẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. A pe Ọ̀gá lórí fóònù, ó gbọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń dúró báyìí. Àmọ́ kò sí ènìyàn níbi tó ti ń dúró. Bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ni. Ti àtijọ́, mo máa ń gbọ́ yàrá náà. Mo máa ń gbọ́ òjò. Ẹnìkan máa ń mí."

Ọmọ wò mí.

Mo ní, "Àlàfo ti Tíṣà kò dọ́gba rárá. Bí ọ̀rọ̀ bá rọrùn, kì í pẹ́ dúró. Bí ó bá le, á dúró títí."

Ọmọ ní, "Báwo ni ó ṣe ń mọ bí yóò ti pẹ́ tó?"

Mo ní, "Ojú mi ló ń wò."

Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì. "Bàbá, nígbà náà, ẹ̀yin ni ẹ ó jókòó níbẹ̀. Màá fi ohùn rẹ̀ sí yín létí, yàrá kò ní gbọ́ ọ. Ẹ ó dáhùn sábẹ́ ètè yín bí ẹ ti ń ṣe. Bí ẹ bá parí, ẹ na ọwọ́. Bí yàrá bá ṣe dákẹ́ tó ni màá gbà sílẹ̀."

Mo ní n kò ṣe. Láti ìgbà tí a ti sin ín, n kò bá a sọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń dúró létí sàréè, wọ́n á máa ròyìn owó ọjà fún òkú. Èmi kì í ṣe irú wọn. Ẹni tó kú ti kú. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ báyìí pé mò ń dá a lóhùn, ta ni yóò wá pa á dé?

Ó ní, "Ohun tí mo bàjẹ́ ni, Bàbá. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Mo ní màá rò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Òjò rọ̀ dáadáa. A ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ìró rẹ̀ wọlé, a pa fáànù. Mo jókòó sórí àpótí ìjókòó mi níwájú àga rẹ̀. Ọmọ ki nǹkan kékeré kan bọ̀ mí létí, ó lọ dúró sídìí ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀. Nínú orí mi gan-an ló ti ń sọ̀rọ̀, kò jìnnà bí ti inú ẹ̀rọ. Ó béèrè ti "borrow". Ìdáhùn wà lẹ́nu mi, ẹnu mi kọ̀. Mò ń wo àga.

Ọmọ sọ láti ìdí ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ kéré, "Bàbá, ó ń dúró."

Mo sọ ọ́. Mo na ọwọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹnu mi kò kọ̀ mọ́. A ṣe "say", a ṣe "look" àti "see". Tíṣà máa ń fi àwàdà sí i, ó ní ọkọ òun lè wo nǹkan láti àárọ̀ di alẹ́ kó má rí i, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìgbálẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ó sọ bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo dá a lóhùn ìyẹn náà, kì í ṣe ní Òyìnbó. Ọmọ ní òun yóò gé ìyẹn. Mo ní ìyẹn nìkan ni kó gé.

A dé orí "lose" àti "miss". Ó ní, "Ó wà lọ́wọ́ rẹ, ó bọ́, o kò rí i mọ́: 'lose'. Ó ti bọ́ tipẹ́, ọkàn rẹ kò yé lọ síbi tó wà: 'miss'. Ó yá, ìyá rẹ rìnrìn àjò, àtìgbà tó ti lọ ni ò ń rò ó. Èwo nínú méjèèjì ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Òjò ń rọ̀. N kò na ọwọ́. Ọmọ kò rán mi létí, kò sì pa kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́ ọ tó ń fa imú nídìí ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́, mo na ọwọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọmọ rán an. A retí Ọ̀gá títí. Ní ìrọ̀lẹ́ ó pè. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá lọ́jọ́ Ajé." Mo ní ṣé ó dára ni àbí kò dára. Ó ní, "Ẹ wá." Irú èsì wo nìyẹn? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ilé. Ọmọ ní n kò yàtọ̀ sí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Mo ní kí ọmọ jẹ́ kí n dá lọ. Ohun tó bá kọ síbí, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

Wọ́n fẹ́ kí n jókòó sínú kíláàsì. Mo kọ̀. Mo dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn àwọn ọmọ náà. Wọ́n tó ogún, wọ́n ń ta ara wọn nípàá, wọ́n ń pariwo. Ọ̀gá tẹ ẹ̀rọ tuntun náà. Tíṣà kí wọn. Wọ́n dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ó bá fúnra rẹ̀ wọlé.

Ó béèrè, ó dúró, wọ́n dáhùn. Ó béèrè, ó dúró. Ọmọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó há, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ tán. Tíṣà kò tíì kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá yí ojú sí ẹnu ilẹ̀kùn níbi tí mo wà. Kò rí mi, ó sì mọ ibi tí mo wà.

Wọ́n dé orí "miss". Wọ́n jùmọ̀ dáhùn pẹ̀lú ariwo. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń retí. Òjò ń rọ̀ nínú ẹ̀rọ, oòrùn ń ràn níta. Ọmọbìnrin kan ní, "Tíṣà, a ti dáhùn o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ẹnìkan ṣì ń dáhùn."

Wọ́n fara balẹ̀. Wọ́n tẹ́tí. Àwọn ọmọ yìí gbọ́ mi, gbogbo wọn, títí mo fi mí kanlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà Tíṣà ní, "Ó dára," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ ṣeré. Wọ́n tú jáde, wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri, wọ́n ń fi èjìká kọlù mí, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ pẹ̀lẹ́ sà." Ọ̀gá tẹ̀lé wọn lọ sí pápá. Ó gbàgbé ẹ̀rọ. Kò sí ẹnì kankan nínú yàrá náà mọ́, àfi àga àti tábìlì. Tíṣà ti bọ́ sórí ẹ̀kọ́ mìíràn, ó ń ṣàlàyé "bring" àti "take" fún àwọn àga. Ó béèrè pé bí ẹnìkan bá gbé nǹkan kúrò lọ́dọ̀ wa lọ síbi tó jìnnà, èwo ni a ó sọ. Ó dúró.

Mo wọlé. Mo dá a lóhùn, kì í ṣe lábẹ́ ètè. Mo jẹ́ kó sọ fún mi pé ó dára. Lẹ́yìn náà mo pa ẹ̀rọ náà, mo sì fa ilẹ̀kùn dé.